Ṣé Rírọra Wa Ọkọ̀ Asáré Ń Ba Ẹ́ńjìnnì Rẹ̀ Jẹ́?

Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ láàárín àwọn tó fẹ́ràn ọkọ̀ asáré, pé ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún eré kò gbọdọ̀ máa rọra rìn, àti pé bí èèyàn bá ń fi ẹsẹ̀ jẹ́jẹ́ wà á kiri ìgboro, tí ẹ́ńjìnnì kì í yí kọjá ìgbà 2,500 tàbí 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, agbára rẹ̀ yóò máa jó rẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ títí mẹkáníìkì yóò fi tú u palẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tó ń fọ ọkọ̀ ní Òkèfìà. Ẹ̀gbọ́n kan ládùúgbò wa, tí wọ́n kó Porsche Boxster dé láti òkè òkun, tiẹ̀ bi mí ní tààrà bóyá kí àwọn ta á kó tó bàjẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́, nítorí pé ìgboro Òṣogbo kò fún àwọn láyè láti sáré. Lójú tèmi, yíyí tó kéré kò jẹ̀bi ẹ̀sùn yìí. Àwọn tó jẹ̀bi gan-an ni ìrìn kúkúrú tí kì í jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná tán, àti àṣà fífi gíà ńlá fipá mú ẹ́ńjìnnì gbé ẹrù wúwo. Àwọn méjèèjì yìí sì máa ń bá yíyí tó kéré rìn débi pé òun ni gbogbo ayé ń nàka sí.

Ẹ́ńjìnnì tó ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan ń ti písítìn rẹ̀, ìyẹn irin tó ń lọ sókè sódò nínú rẹ̀, gòkè, ó sì ń fà á wálẹ̀, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo. Bí písítìn bá dé òkè pátápátá tàbí ìsàlẹ̀ pátápátá, ó gbọ́dọ̀ dúró kó tó yí padà, kọ́nródù, ọ̀pá tó so ó mọ́ kíráńkì tó ń yí nísàlẹ̀, ló sì ń gba gbogbo ìfàya tó wà nínú ìdúró àti ìyípadà yẹn. Bí yíyí bá di ìlọ́po méjì, ìfàya náà yóò di ìlọ́po mẹ́rin. Bó bá di ìlọ́po mẹ́ta, yóò di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Honda S2000, tó jáde ní 1999 pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lítà méjì, lè yí dé nǹkan bí 9,000. Nígbà tí ẹni tó ni ín bá fi 3,000 rọra gba oríta Olaiya kọjá ní Òṣogbo, ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ìfàya tí wọ́n kọ́ kọ́nródù rẹ̀ láti fara dà ló ń bá pàdé. Iṣẹ́ tí ọkọ̀ ń ṣe nígbà náà kò sì tó nǹkan, nítorí pé ọkọ̀ tó ń lọ ní kìlómítà 80 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́jú kò nílò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 15 sí 20 láti máa lọ bẹ́ẹ̀, Boxster àkọ́kọ́ tó jáde ní 1996 sì ní 204. Ẹni tó bá sọ pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ ń fi ìyà jẹ irin inú ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ sọ fún wa irin wo ló ń jẹ ìyà náà.

Bí yíyí tó kéré bá ń ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ní tòótọ́, àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ni ì bá kọ́kọ́ sá fún un, ṣùgbọ́n àwọn gan-an ló ń ti awakọ̀ síbẹ̀. Ní 1989 ni Corvette, ọkọ̀ asáré Amẹ́ríkà, tó ní gíà ọwọ́ mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ohun kan wá láti ilé iṣẹ́ tó máa ń dí ọ̀nà mọ́ gíà kejì: bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tí awakọ̀ sì rọra tẹ iná ní gíà kìíní títí ọkọ̀ fi dé nǹkan bí kìlómítà 25 ní wákàtí kan, ọ̀pá gíà kò ní gbà fún un láti wọ ìkejì, inú ìkẹrin ni yóò já sí. Nígbà yẹn, yíyí ẹ́ńjìnnì lè má tó 1,000 rárá. Nítorí ìdánwò iye epo tí ọkọ̀ ń jó ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe ṣe é. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kórìíra rẹ̀, wọ́n sì máa ń yọ okùn iná rẹ̀ dànù, àmọ́ ìbínú wọn kò ní ohunkóhun í ṣe pẹ̀lú bíbàjẹ́ ẹ́ńjìnnì. Gíà PDK, irú èyí tó ń pààrọ̀ ara rẹ̀, tí Porsche bẹ̀rẹ̀ sí í fi sínú ọkọ̀ 911 rẹ̀ ní 2008 náà ń ṣe bákan náà láìtọrọ àyè: bí awakọ̀ bá ń rọra lọ nínú ìlú, yóò máa gbé gíà sókè títí yíyí yóò fi lọ sísàlẹ̀ 2,000. Ẹ kíyè sí i, síbẹ̀, pé ní kété tí awakọ̀ bá tẹ iná gidi, gíà náà á yára já wálẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbé ẹrù wúwo pẹ̀lú yíyí tó kéré. Mo ń padà bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ìgbóná ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò dáadáa, torí òun ló kan àwa ará Òṣogbo jù. Bí lítà bẹntiróòlù kan bá jó tán nínú ẹ́ńjìnnì, omi tó ń ti inú jíjó náà wá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó lítà kan. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń bá èéfín gba sàlẹ́ńsà jáde, ṣùgbọ́n díẹ̀ máa ń yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì písítìn kọjá sínú ọ́ìlì, òun pẹ̀lú bẹntiróòlù tí kò rí ojú jó. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù ni èyí máa ń pọ̀ jù, nítorí pé písítìn àti ríìngì kò tíì fẹ̀ dé ibi tó yẹ, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì ń da epo sí i ju ti ìgbà tó bá gbóná lọ. Bí ọ́ìlì bá gbóná dé nǹkan bí 100°C, tó sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, omi náà yóò gbẹ, èyí tó pọ̀ nínú bẹntiróòlù náà yóò fò lọ, ẹ́ńjìnnì yóò sì fa atẹ́gùn wọn padà láti jó o. Bí kò bá gbóná débẹ̀, wọ́n á jókòó ti ọ́ìlì. Bẹntiróòlù á sọ ọ́ di fúyẹ́, omi á bá èérí jíjó pò, àpapọ̀ wọn á sì di ẹrẹ̀ dúdú tó ń dí àwọn ihò tóóró tí ọ́ìlì ń gbà kọjá, àti ásíìdì tó ń jẹ ojú bíárìnì, irin tí kíráńkì jókòó lé tó fi ń yí.

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ gbà pé ẹ́ńjìnnì ti gbóná bí abẹ́rẹ́ iwájú bá ti dé àárín. Omi rédíétọ̀ ni abẹ́rẹ́ yẹn ń kà; kò mọ ohunkóhun nípa ọ́ìlì. Omi lè gbóná láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, nígbà tí ọ́ìlì máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ti ọkọ̀ asáré sì máa ń pẹ́ jù nítorí bí ọ́ìlì inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Corolla ń gba nǹkan bí lítà mẹ́rin. Boxster àkọ́kọ́ ń gba ju mẹ́jọ lọ, kò sì sí abẹ́rẹ́ kankan níwájú rẹ̀ tó ń fi ìgbóná ọ́ìlì han awakọ̀. Ẹni tó bá gbé e kúrò ní Òkèfìà lọ sí Olaiya, tó pa á, tó jókòó sí báńkì fún wákàtí kan, tó tún sítáàtì rẹ̀ lọ sí Ọjà Ọba, tó tún pa á, lè lo odindi oṣù kan báyìí láìjẹ́ pé ọ́ìlì ọkọ̀ náà gbóná tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n ṣí bùútù ẹ̀yìn Boxster wọn, nítorí ibẹ̀ ni ìdérí ọ́ìlì rẹ̀ wà, tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ sì fara pamọ́ sábẹ́ níbi tí ojú kò tó, ohun tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ìdérí náà ki, ó sì funfun bí ògì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Àyà wọn já. “Àbúrò, ṣé omi rédíétọ̀ ló ti wọ inú ọ́ìlì báyìí?” Mo ní, “Ẹ má tíì jáyà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ ká yọ gééjì ọ́ìlì wò ná.” Gééjì jáde pẹ̀lú ọ́ìlì tó mọ́, tó ń dán, tí kò ní àwọ̀ mílíìkì kankan, omi rédíétọ̀ kò sì dín kúrò níbi àmì rẹ̀. Omi jíjó lásán ni èyí tí a rí, tó gòkè lọ bá ìdérí, ibi tó tutù jù, tó sì bá ọ́ìlì pò síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé gééjì fúnra rẹ̀ ló ní àwọ̀ mílíìkì, tí omi rédíétọ̀ sì ń dín, gásíkẹ́ẹ̀tì tó ń ya omi àti ọ́ìlì sọ́tọ̀ tàbí ohun tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ ti já, kí èèyàn má sì ṣe tún sítáàtì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rárá.

Pọ́lọ́ọ̀gì náà ní ìgbóná tirẹ̀ tó nílò. Ẹnu rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé nǹkan bí 450°C kó tó lè máa jó èérí ara rẹ̀ dànù. Bí kò bá débẹ̀, yóò máa kó dúdú títí iná rẹ̀ yóò fi máa ṣáko lọ gba ara èérí náà. Mo wà ní abúlé mẹkáníìkì nígbà tí wọ́n tú irú rẹ̀ jáde láti inú ọkọ̀ tí kì í ju ilé sí ìsọ̀ lọ: dúdú kirikiri, gbígbẹ, tó ń pa ọwọ́ láró. Mẹkáníìkì náà nù ún, ó dá a padà, ó sì gbé ọkọ̀ náà lọ sí ojú ọ̀nà Iléṣà láti tẹ iná fún un. Àṣà yìí kì í ṣe asán, torí pé gbígbé ẹrù pẹ̀lú yíyí tó ga díẹ̀ máa ń mú kí ẹnu pọ́lọ́ọ̀gì àti orí písítìn gbóná tó láti jó èérí wọn kúrò.

Ó ní ibi tí àṣà náà mọ, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń bá àwọn ọ̀rẹ́ mi jiyàn. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì òde òní, nọ́súlù kì í tú epo sí ẹ̀yìn fáàlù mọ́. Inú ibi tí jíjó ti ń ṣẹlẹ̀ gan-an ló ń tú u sí. Nítorí náà, kò sí bẹntiróòlù tó ń fọ fáàlù tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, ooru ọ́ìlì tó ń bá atẹ́gùn wọlé sì ń gbẹ mọ́ ọn lára, ìpele lórí ìpele. Lexus IS 250 tó pọ̀ lójú títì wa, pàápàá àwọn tó jáde láti 2006, jẹ́ ẹ̀rí tí gbogbo mẹkáníìkì mọ̀. Bí èèyàn tẹ iná láti Òṣogbo dé Èkó, kò lè fọ ohun tí epo kò kàn. Ojútùú rẹ̀ ni kí a tú ọ̀nà atẹ́gùn, kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹ́míkà fọ̀ ọ́. Ní òkè òkun, èèpo àsálà òyìnbó tí wọ́n lọ̀ ni wọ́n ń fi atẹ́gùn fẹ́ sí i. Toyota yanjú ọ̀rọ̀ náà nípa fífi nọ́súlù oríṣi méjèèjì sínú ẹ́ńjìnnì kan náà, irú èyí tó wà nínú Toyota 86 tó jáde ní 2012, ọkọ̀ asáré tí èèyàn lè máa rọra wà láìbẹ̀rù fáàlù.

Mo ti ṣèlérí láti padà sórí ẹrù wúwo. Ẹ dúró lẹ́sẹ̀ òkè ní Òkè-Baálẹ̀, kí ẹ tẹ́tí sí ọlọ́kadà tó gbé èrò méjì, tó wà ní gíà kẹrin, tí kò sì fẹ́ já gíà. Ẹ ó gbọ́ bí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n, tó ń kanlẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, tí iná tó fẹ́ gbogbo rẹ̀ tán kò sì mú kó yára. Bí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé ọ́ìlì tó la kíráńkì àti bíárìnì láàárín kì í dúró síbẹ̀ fúnra rẹ̀; yíyí kíráńkì ló ń fà á wọlé tó sì ń gbé kíráńkì léfòó lórí rẹ̀. Bí yíyí bá kéré, ọ́ìlì náà á fẹ́lẹ́. Bí ẹrù bá tún wúwo lórí rẹ̀, irin lè kan irin. Bí awakọ̀ bá rọra tẹ iná, ẹrù kò sí, fífẹ́lẹ́ náà kò sì léwu. Ìdí nìyí tí 1,500 lórí ilẹ̀ títẹ́jú pẹ̀lú ẹsẹ̀ fífúyẹ́ fi jẹ́ ìsinmi, tí 1,500 kan náà pẹ̀lú iná títẹ̀ dé ilẹ̀ ní gíà karùn-ún sì jẹ́ ìyà.

Ọ̀rọ̀ náà tún le jù fún ẹ́ńjìnnì kékeré tó ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń fipá fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì, tí nọ́súlù rẹ̀ sì ń tú epo sínú tààrà. Tọ́bò lè kó atẹ́gùn púpọ̀ jọ nígbà tí yíyí ṣì wà lábẹ́ 2,500, ẹ̀kán ọ́ìlì tàbí èérí kan tó ti gbóná pọ́nyínpọ́nyín sì lè dáná sun epo kí pọ́lọ́ọ̀gì tó ta iná. Ìbúgbàù irú èyí lè fọ́ písítìn tàbí kó tẹ kọ́nródù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó burú débi pé API, àjọ Amẹ́ríkà tó ń ṣe ìlànà ọ́ìlì, ní láti yí ìlànà náà padà nítorí rẹ̀: API SN Plus jáde ní 2018, API SP sì tẹ̀lé e ní 2020, àwọn méjèèjì sì ní ìdánwò fún ewu yìí. Bí ọkọ̀ yín bá ní tọ́bò, ẹ wo ara gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kí ẹ tó sanwó, kí ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́jà sọ fún yín pé ọ́ìlì gbogbo ọ́ìlì ni.

Àwọn ọkọ̀ méjì kan wà tí ìgbàgbọ́ tí mo ń bá jà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òtítọ́ fún. Mazda RX-8, tí wọ́n ṣe láti 2003 dé 2012, kò ní písítìn. Irin onígun mẹ́ta ló ń yí nínú rẹ̀, ó ń jó ọ́ìlì díẹ̀ pọ̀ mọ́ epo nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é, èérí sì tètè ń dá àwọn síìlì ẹnu igun rẹ̀ dúró bí wọn kò bá gbé yíyí rẹ̀ sókè látìgbàdégbà. Ẹni tó bá sítáàtì rẹ̀ láti gbé e kúrò lẹ́nu géètì, tó sì pa á kí ó tó gbóná, lè bá a ní ọjọ́ kejì pé epo ti kún inú rẹ̀, tí kò sì ní jí mọ́. Èkejì ni Boxster àti ọ̀pọ̀ lára 911 tó jáde láàárín ìparí 1996 sí 2008, tí bíárìnì kan wà lẹ́yìn ọ̀pá àárín ẹ́ńjìnnì wọn tó máa ń bàjẹ́ nínú díẹ̀ lára wọn, tó sì lè kó gbogbo ẹ́ńjìnnì lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tún irú ọkọ̀ yìí ṣe gbà pé èyí tí wọ́n ń wà déédéé máa ń pẹ́ ju èyí tó ń jókòó sínú ọgbà tàbí tó ń rin ìrìn kúkúrú lọ, nítorí omi àti ásíìdì inú ọ́ìlì. Ẹ rí i pé níbẹ̀ náà, ọ̀rọ̀ ìgbóná àti ọ́ìlì ló tún wọlé.

Ibi tó ń bà mí nínú jẹ́ nínú gbogbo èyí ni pé àwọn tó bẹ̀rù yíyí tó kéré jù ló sábà máa ń ṣe ohun tó burú jù: wọ́n á sítáàtì ọkọ̀ láàárọ̀, wọ́n á sì tẹ iná fún un lójú kan náà títí àwọn aládùúgbò yóò fi jí, nígbà tí ọ́ìlì ṣì ki tí kò tíì ṣàn dé gbogbo ibi tó yẹ. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún àkọ́kọ́, yíyí tó kéré pẹ̀lú ẹsẹ̀ fífúyẹ́ gan-an ni oògùn. Kò sì yẹ kí a máa fi ọkọ̀ sílẹ̀ lójú kan kó máa ṣiṣẹ́ kó lè gbóná, nítorí pé ìyẹn ló ń pẹ́ jù, òun ló sì ń da epo sínú ọ́ìlì jù. Ká sítáàtì, ká dúró díẹ̀, ká rọra máa lọ.

Òṣogbo ṣàánú wa ní ọ̀nà kan: kò sí òtútù yìnyín níbí, ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí 25°C ní ọ̀nà kúkúrú láti rìn ju ti Jámánì nígbà òtútù lọ. Ibi tí kò ti ṣàánú wa ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àti eruku ọyẹ́. Rédíétọ̀ Boxster wà ní igun méjèèjì iwájú, ewé gbígbẹ àti eruku sì máa ń kó jọ sẹ́nu wọn, débi pé ìrìn jẹ́jẹ́ nínú oòrùn ọ̀sán lè mú ọkọ̀ gbóná jù nígbà tí ẹni tó ni ín ń ṣàníyàn nípa yíyí. Kí ọyẹ́ tó parí, ó yẹ kí wọ́n tú iwájú rẹ̀, kí wọ́n sì gbọn ìdọ̀tí náà jáde.

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n kò le. Yíyí tó ga kò béèrè eré àsápajúdé: ní gíà kẹta, pẹ̀lú kìlómítà 80 ní wákàtí kan tí òfin ojú pópó fàyè gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ẹ́ńjìnnì Boxster tiwọn ń yí kọjá 3,500 dáadáa, ìyẹn sì tó. Lọ́sẹ̀ kan, kí wọ́n gbé e gba Abẹ́rẹ̀ lọ sí Gbọ̀ngán kí wọ́n sì padà, kí wọ́n jẹ́ kó gbóná tán kí wọ́n tó tẹ iná, kí wọ́n má sì pa á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lẹ́yìn eré. Ní ti ọ́ìlì, kí wọ́n má ṣe fi kìlómítà kà á mọ́, nítorí pé ìrìn kúkúrú máa ń ba ọ́ìlì jẹ́ kí kìlómítà tó pọ̀. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni kí wọ́n máa pààrọ̀ rẹ̀, pẹ̀lú fílítà, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ náà kò rìn ju ẹgbẹ̀rún méjì kìlómítà lọ láàárín ìgbà yẹn.